Ọgọ́ta Ọjọ́ Tí Kò Sí ní Ṣáínà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, abẹ́ ọkọ̀ ni Bíyìí wà nínú gáréèjì ilé rẹ̀ ní Lilburn, ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀. Kì í ṣe pé kò rí owó mẹkáníìkì san. Ó kórìíra kí nǹkan kọjá àkókò rẹ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ló ń tọ́jú, irú èyí tó ń sọ bí ọkàn ṣe ń lù àti èyí tó ń fa omi sí aláìsàn lára. Wọ́n máa ń lẹ bébà kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan mọ́ ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò ni wọ́n sì ń kọ sí i. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ tuntun tó ń dán gbinrin, Bíyìí á yọ wáyà rẹ̀, á tì í lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Dókítà ti bẹ̀ ẹ́ rí, nọ́ọ̀sì ti bú u rí. Èsì kan náà ló ń fún wọn: "Ọjọ́ ti kọjá. Ẹ lọ mú òmíràn."

Nínú ilé, Comfort ìyàwó rẹ̀ ń kọrin. Nọ́ọ̀sì ni òun ní tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn nítorí pé ààwẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbà lórí Hephzibah, àkọ́bí wọn, máa parí lọ́jọ́ kejì. Ó tilẹ̀ ti fi orúkọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun máa jẹ́rìí lọ́jọ́ Sọ́ńdè ìdúpẹ́ tó ń bọ̀. Ohun tó máa jẹ́rìí sí kò tíì ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìgbàgbọ́ ni òun fi ṣe é.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Hephzibah. Atlanta ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Ó ti lo ọdún kan ní Hangzhou, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, níbi tó ti ń kọ́ èdè wọn. Ilé ìwé gíga mìíràn nínú ìlú kan náà ti wá gbà á láti kàwé gboyè kejì láti oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kó pààrọ̀ ìwé àṣẹ ìgbélùú rẹ̀ kúrò lórúkọ ilé ìwé àkọ́kọ́ sí ti tuntun. Lójú àwọn òbí rẹ̀, ìyẹn ò tó nǹkan.

Fóònù dún lórí àpótí irinṣẹ́. Hephzibah ni. Òwúrọ̀ ni níhìn-ín, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ tirẹ̀.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Bíyìí yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀. Ọmọ tó bá fi ẹ̀bẹ̀ ṣáájú ìkíni, nǹkan ti bàjẹ́.

"Kí ló dé?"

"They didn't take my papers. Mo lọ sí police office yẹn yesterday, èyí tó wà fún foreigners. Wọ́n ní permit mi ti expire on Tuesday. Wọ́n ní mo ti overstay."

"Overstay kẹ̀? Grace period ńkọ́?"

"Daddy, there is no grace period! Mo bi wọ́n. Obìnrin yẹn kàn ń wò mí bíi pé mo ń ṣeré. Wọ́n ní kí n padà wá on Monday with somebody from my school. Which school? Old school ti kọ̀wé sí wọn pé mo ti finish. New school ò mọ nǹkan kan."

"Láti àná? O sì ń pè mí lónìí?"

"Mummy ní kí n má sọ bad news kankan till the fasting is over. Òun náà ló ní kí n má lọ there before then, kí n má sì sọ fún old school pé mò ń lọ, but ẹ̀rù bà mí."

Bíyìí jókòó lórí sìmẹ́ǹtì. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dún létí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Nínú oṣù kẹfà, Hephzibah bi í pé ìgbà wo ló yẹ kí òun lọ pààrọ̀ ìwé náà. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó dáhùn. Ó ní, "Má dààmú ara rẹ. Bí student bá parí ẹ̀kọ́, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n máa ń fún un láti fi tún ìwé rẹ̀ ṣe. Èmi náà lò ó." Òótọ́ ni pé ó lò ó. Nígbà tóun fúnra rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ọgọ́ta ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kó rójú ráyè. Ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà ni. Ó gbé e kọjá òkun bí ẹni gbé kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lọ fi ṣílẹ̀kùn ilé onílé.

Comfort yọjú láti ilé ìdáná. "Daddy Hephzibah, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Ọmọ rẹ ni. Ìwé rẹ̀ ti kú. Ìwọ lo ní kó má lọ sí ọ́fíìsì wọn títí ààwẹ̀ á fi parí?"

"Mo ní kí àdúrà kọ́kọ́ ṣáájú rẹ̀ débẹ̀ ni. Kí ló burú níbẹ̀?"

"Ọjọ́ tó wà lára ìwé náà ló ṣáájú àdúrà rẹ débẹ̀! Ta ló sì ní kó má sọ fún ilé ìwé àkọ́kọ́ pé òun ń lọ sí òmíràn?"

"Ẹ̀yin náà mọ ayé. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ rí scholarship níbòmíràn, ẹ rò pé wọ́n á fọwọ́ sí i fún un? Ẹnìkan lè ta kókó sí i."

"Nínú àwọn ará Hangzhou? Èwo nínú wọn ló mọ bàbá rẹ, Comfort? Èwo nínú wọn lẹ jọ pín ilẹ̀ ẹbí?"

"Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fún un ní ọgọ́ta ọjọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ ni Ṣáínà ni?"

Bíyìí fa àkísà kan yọ nínú àpótí irinṣẹ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà, ó nù ún títí kò fi sí ọ́ìlì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ó ń nù ún. Níkẹyìn ó ní, "Sister Abímbọ́lá àti ọkọ rẹ̀ gbé Ṣáínà fún ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yìn wa gan-an ló ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dìde, ká lọ bá a."

Ojú Comfort yí padà. "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiẹ̀."

"Kí nìdí?"

"Ó bi mí rí pé báwo ni Hephzibah. Mo ní ó wà ní school."

"Kí ló burú nínú ìyẹn?"

"Ó ní school wo. Mo ní... mo ní ní Texas."

"Texas kẹ̀!"

"Kí n tó sọ nǹkan síta, ó yẹ kó kọ́kọ́ yọrí ná. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀ pé Texas ló wà."

Bíyìí ju àkísà sílẹ̀. Ọdún kan gbáko ni obìnrin tó lè la ọmọ wọn lọ́nà ti ń jókòó sẹ́yìn wọn, tó ń bá wọn gba ọwọ́, tó ń bá wọn ṣe àmín. Texas ni wọ́n sì fi dí i lójú.

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ Stone Mountain lọ sí Lithonia, níbi tí Abímbọ́lá ń gbé. Abímbọ́lá wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń tu koríko láàárín òdòdó. Ìṣirò owó ló ń ṣe fún ilé iṣẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kì í sì í dákẹ́ bí òótọ́ bá wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó rí wọn, ó dìde.

"Sister Comfort ní Lithonia, lọ́jọ́ Sátidé! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," Bíyìí ní. "Ọ̀rọ̀ Hephzibah ni."

"Hephzibah ti Texas?"

Comfort ń wo bàtà rẹ̀.

"Ṣáínà ló wà," Bíyìí ní.

"Ṣáínà wo?"

"Ṣáínà kan náà tí ẹ̀yin gbé."

Abímbọ́lá bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀yìn orí Sister Comfort ni mò ń wò ní gbogbo Sọ́ńdè ju bí mo ṣe ń wo ojú ọkọ mi lọ. Ọmọ wà ní Ṣáínà, ẹ ò sì bi mí ní nǹkan kan?"

"Ẹ má bínú, sister mi," Comfort ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mo ní kó kọ́kọ́ yọrí ná."

"Ó ti wá yọrí báyìí?"

Abímbọ́lá kó wọn wọlé, ó ní kí wọ́n pe ọmọ náà sórí fídíò. Ojú Hephzibah hàn lórí fóònù, ó pọ́n, ó sì wú.

"Good evening, Aunty."

"Hephzibah, pẹ̀lẹ́. Má sunkún mọ́, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan. Ṣé hostel lo ṣì wà?"

"No, Aunty. Wọ́n ní ká kúrò when the term ended. Mo rent room pẹ̀lú ọmọ kíláàsì mi kan."

"Ṣé ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò láti sọ fún wọn pé o ti kó débẹ̀?"

"My classmate said we should. Ṣùgbọ́n Mummy ní kí n má jẹ́ kí anybody mọ ibi tí mò ń gbé."

Abímbọ́lá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Sister Comfort, ọlọ́pàá lẹ ní kó sá pamọ́ fún. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kan náà lẹ sì rán an lọ pé kó gba ìwé."

"Mi ò mọ̀ pé ọlọ́pàá ló ń ṣe é," Comfort ní. "Mo rò pé ó dà bíi DMV ni, níbi tí a ti ń gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀."

"Kì í ṣe DMV rárá. Hephzibah, gbọ́ mi dáadáa. Bí àjòjì bá kó dé ilé tuntun ní Ṣáínà, bí kì í bá ṣe hòtẹ́ẹ̀lì, láàárín ọjọ́ kan ló gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá tó wà ládùúgbò yẹn. Wọ́n á fún un ní ìwé pélébé kan. Ìwé pélébé yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè bó o bá fẹ́ kí wọ́n sún físà síwájú tàbí kí wọ́n yí i padà. Láìsí i, wọn ò ní wo ìyókù. Ṣé ó yé ẹ?"

"Yes, ma."

"Ìwé ìgbélùú rẹ, torí ilé ìwé tó mú ẹ wá ni wọ́n fi ṣe é fún ẹ. Bó o bá ń lọ sí òmíràn, àwọn àkọ́kọ́ ní láti kọ̀wé pé àwọn mọ̀ sí i, kí àwọn tuntun náà kọ̀wé pé àwọn ti gbà ẹ́. Àwọn ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjòjì níléèwé méjèèjì, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ẹ."

Bíyìí tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ìgbà wo ló yẹ kó ti lọ?"

"Ẹni tó bá ní físà lásán, ó kéré tán kó ṣì ku ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá ní ìwé ìgbélùú bíi tiẹ̀, kó ṣì ku oṣù kan. Èmi àti ọkọ mi, a máa ń lọ ṣáájú ìyẹn pàápàá, torí wọ́n lè ní kéèyàn padà lọ mú nǹkan wá, ìsinmi wọn sì lè bọ́ sáàárín. Wọ́n á gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ yín, wọ́n á fún yín ní rìsíìtì tẹ́ ẹ máa fi rìn títí ìwé á fi jáde. Ẹ̀yin rò pé bí Amẹ́ríkà ni? Ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, ọjọ́ náà ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹ ti rú òfin. Wọ́n lè kìlọ̀ fún èèyàn, wọ́n lè gba owó ìtanràn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá pọ̀ jù, wọ́n lè tì í mọ́lé fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó ní kó máa lọ sílé."

Lórí fóònù, Hephzibah fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo ní nọ́ńbà arákùnrin kan ní Guangzhou," Comfort ní. "Wọ́n ní ó ń bá àwọn èèyàn wa ṣe é láti abẹ́lẹ̀."

"Ẹ pa nọ́ńbà yẹn rẹ́ níṣojú mi. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ yín ṣẹ̀ báyìí, ẹ̀ṣẹ̀ àìmọ̀kan ni. Bí ìwé ayédèrú bá fi lè wọ̀ ọ́, ó di ọ̀daràn."

"Ká wá ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un kó kúrò níbẹ̀ lọ́la?" Bíyìí béèrè.

"Níbodè pápákọ̀ òfuurufú, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wò ni ọjọ́ yẹn. Ẹni tí wọ́n mú níbẹ̀ àti ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ojú kan náà kọ́ ni wọ́n fi ń wò wọ́n. Hephzibah, ṣé o ti kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì gbowó rí?"

"No, Aunty. One kindergarten pè mí, but mi ò lọ."

"Dúpẹ́. Ká ní o ṣe é pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, láìgba àṣẹ, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Ó dáa. Kọ̀wé sí ọ́fíìsì ilé ìwé tuntun nísinsìnyí, má dúró di Mọ́ńdè. Sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Lọ́la, kí ìwọ àti onílé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò. Bó bá di Mọ́ńdè, kó o ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, má sì parọ́ kan ṣoṣo."

"Aunty, ṣé they will let me stay?"

Abímbọ́lá wo Bíyìí kó tó dáhùn. "Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Ká ní mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀ lóṣù tó kọjá ni, ǹ bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, nígbà tí Mọ́ńdè ti mọ́ ní Hangzhou, Abímbọ́lá wá jókòó tì wọ́n ní Lilburn. Ààwẹ̀ ti parí, oúnjẹ wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó ṣí ìkòkò. Bíyìí gbé fóònù sáàárín tábìlì bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀. Nígbà tó dún, Comfort ló kọ́kọ́ nawọ́ sí i, ṣùgbọ́n Bíyìí ló tẹ̀ ẹ́.

"Wọn ò tì mí mọ́lé," Hephzibah ní.

"Ọlọ́run, o ṣeun!" Comfort pariwo.

"Mummy, wait. Obìnrin kan láti new school tẹ̀ lé mi. They were even nice. Wọ́n ní kí n kọ statement, wọ́n wá fún mi ní warning, I paid the fine. Ṣùgbọ́n wọn ò lè change permit yẹn, because it's dead already. Wọ́n fún mi ní short paper, just a few days láti fi pack my things. Mo gbọ́dọ̀ máa bọ̀ nílé, kí n wá apply for a new visa láti America."

"Ilé ìwé ńkọ́?" Bíyìí béèrè.

"New visa ò lè ready before registration. Wọ́n ní mo lè apply again next year. Ṣùgbọ́n scholarship yẹn, it's for this September. Wọ́n máa fún ẹlòmíràn tó wà lórí waiting list."

Ohùn Hephzibah ti tínrín.

"Mo bi officer yẹn, mo ní ká ní mo wá last month ńkọ́, with the two letters? Ó ní wọn ì bá ti gbà á. She said it's an ordinary thing. Daddy, ó ní ordinary thing ni."

Bíyìí ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó bọ́ sí gáréèjì, ó dúró ti ọkọ̀ tó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kí àkókò tó pé.

Kò pẹ́ tí Hephzibah fi dé. Ní pápákọ̀ òfuurufú Atlanta, ó ti kẹ̀kẹ́ ẹrù jáde, àpótí méjì àti kóòtù òtútù tó ti rà sílẹ̀ fún ọdún ẹ̀kọ́ tuntun níbẹ̀. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀, kò bú ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ló dun Bíyìí jù. Ìgbà tí wọ́n ti wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ ló tó la ẹnu láti ìjókòó ẹ̀yìn.

"So everybody in church thinks I'm in Texas?"

Comfort mí kanlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ni mo wá fẹ́ sọ fún wọn? That Texas deported me?"

Bíyìí wò ó nínú dígí ọkọ̀. Ó ní, "Hephzibah, o bi mí ní ìbéèrè nínú oṣù kẹfà. Mi ò mọ̀ ọ́n, mo sì dáhùn bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Daddy, you could have just said you don't know."

Bíyìí wa ọkọ̀ náà délé.

Sọ́ńdè ìdúpẹ́ dé. Orúkọ Comfort ṣì wà lára àwọn tó máa jẹ́rìí. Kò sẹ́ni tó rántí láti yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n pè é, Bíyìí rò pé ó máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Comfort dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ọmọ mi Hephzibah ti dé sílé," ó bẹ̀rẹ̀.

"Halelúyà!" Àtẹ́wọ́ ta.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rí kọ́ ni mo wá jẹ́. Ọmọ mi ò gbé Texas rí. Ṣáínà ló wà. Mo fi pamọ́ fún gbogbo yín torí ẹ̀rù ayé. Kò sí ayé kankan tó ṣe é, èmi àti bàbá rẹ̀ la ṣe é. Mo ní kó má sọ fún ilé ìwé rẹ̀. Mo ní kó má sọ ibi tó ń gbé fún ọlọ́pàá. Ìwé ń kú lọ, mo ní kó dúró de ààwẹ̀ mi. Ẹni tó mọ̀nà wà lẹ́yìn mi lọ́hùn-ún yẹn, mo purọ́ fún un." Ó tọ́ka sí Abímbọ́lá, ẹni tó ti fi ìwé orin bo ojú. "Ọlọ́run kọ́ ló ní ká má béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá lọ́mọ nílẹ̀ òkèèrè níbí, kó lọ béèrè lónìí."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí òun ṣe àmín. Comfort padà wá jókòó. Bíyìí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látọjọ́ gáréèjì.

Níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí lẹ́yìn ìsìn, Wọlé wá bá Bíyìí. Ọkùnrin yìí ń ta ilé àti ilẹ̀ ní agbègbè Duluth, ó sì fẹ́ràn àwàdà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ti Praise ọmọ tèmi ò lè rí bẹ́ẹ̀. Òun náà wà ní Ṣáínà, àmọ́ ṣe ni mo rọra dákẹ́. Ó lọ kí àwọn òbí àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ní Beijing. Físà ọdún mẹ́wàá ló ní. Ọdún mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n! Kó máa jẹun lọ."

"Ọdún mẹ́wàá ni físà," Bíyìí ní. "Ọjọ́ mélòó ni wọ́n ní kó lò lẹ́ẹ̀kan tó bá wọlé?"

"Ẹ gbọ́, èwo tún nìyẹn?"

"Sister Abímbọ́lá ló là mí lóye pé nọ́ńbà kékeré kan wà lára físà náà, lọ́tọ̀ sí ọjọ́ tí físà fúnra rẹ̀ máa parí. Iye ọjọ́ tó lè lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn. Pè é."

"Wọ́n á ti sùn níbẹ̀ báyìí."

"Wọlé, jí i."

Wọlé pè é. Praise fi àwòrán físà ránṣẹ́. Àwọn ọkùnrin méjèèjì fi orí kan orí lórí fóònù nínú oòrùn, Abímbọ́lá náà sì ti dé ẹ̀yìn wọn. Òun ló ka nọ́ńbà náà, ó béèrè ọjọ́ tí ọmọ náà wọlé, ó sì ṣírò rẹ̀ sórí ìka.

"Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá," ó ní. "Bó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, lọ́la ni kó ti lọ béèrè ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àjòjì, bí ilẹ̀ bá ti mọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní rárá, ó ṣì ráyè ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Wọlé. "Mo fẹ́ sọ fún un pé kó dúró di Kérésì."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bíyìí kó gbogbo pásípọ́ọ̀tù tó wà nínú ilé sórí tábìlì. Ó mú àwọn bébà aláwọ̀ ìyeyè tó wà nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó lẹ ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ọjọ́ sí i: kì í ṣe ọjọ́ tí ìwé máa kú, bí kò ṣe ọjọ́ tó yẹ kéèyàn ti lọ tún un ṣe. Nígbà tó dé orí ti Hephzibah, ọmọ náà gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ kọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ọdún kan ti ṣòfò lórí ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba pè ní nǹkan lásán. Ẹ má fi òfin ilẹ̀ tí ẹ mọ̀ ṣe atọ́nà ọmọ tó wà ní ilẹ̀ tí ẹ ò mọ̀. Òfin a máa yí padà, ìlú kan sì lè yàtọ̀ sí èkejì. Nítorí náà, ọ́fíìsì tó ń ṣe ìwé náà ni kí ẹ bi, kì í ṣe ọ̀rẹ́, kì í ṣe ẹni abẹ́lẹ̀, kì í sì í ṣe ìrántí ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ gbàdúrà, ẹ gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìwé ti dé ọwọ́ wọn ná. Bí ọmọ bá sì bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀. Ẹ dìde nísinsìnyí, ẹ pe ọmọ tó wà lókè òkun, ẹ ní kó ka ọjọ́ tó wà lára ìwé rẹ̀ sí yín létí.